Kabúrétọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jí

Ìgò ọtí ni wọ́n fi ń ta epo mọ́tò nígbà tí mo dé Bouaké. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́bàá títì, ìgò gígùn, ìgò kúkúrú, epo inú wọn á máa dán bí oyin. Lọ́jọ́ kìíní tí mo rí i, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì nawọ́ sí ọ̀kan pé kí wọ́n bá mi ṣí i. Obìnrin tó ń tà á wò mí títí, ó wá bi mí ní èdè Díúlà, tí n kò gbọ́ nígbà náà, bóyá mọ́tò ni mí. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀, ó sì tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe wọ ìlú nìyẹn.

Ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni ìlú wà. Ìjọba ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, báńkì ti tì, ọ́fíìsì ti tì, àwọn ṣójà tí aṣọ wọn kò bára mu ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú, níbi tí gbogbo ayé ń pè ní kọ́ridọ̀. Àwọn ará ilé rò pé ìró ìbọn ni mo fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ìró ẹ́ńjìnnì ni mò ń gbọ́ jù, nítorí pé kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ní ibodè àríwá, ọkọ̀ àlòkù sì ń ya wọlé láti ibi gbogbo láyé. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo ti ṣírò rẹ̀ nílé pé níbi tí ọkọ̀ àlòkù bá pọ̀ sí, ebi kò lè pa mẹkáníìkì.

Bàbá Alájì ló gbà mí sílé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ta páàtì ọkọ̀ ní Bouaké, ilé rẹ̀ sì wà ní àdúgbò Broukro. Yorùbá tó ń sọ kọ́kọ́ rú mi lójú, nítorí pé Yorùbá ìyá ìyá mi ni. Ó ń pe ṣọ́ọ̀bù ní ìsọ̀, ó ń pe ọkọ̀ kékeré ní ayọ́kẹ́lẹ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ni Gẹ̀ẹ́sì kún ẹnu mi. Òun tó ti kúrò nílé kí wọ́n tó bí mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan sọnù. Ó dà bí ẹni pé inú àpótí ló kó èdè náà sí lọ́jọ́ tó ń bọ̀, tí kò sì jẹ́ kí kòkòrò wọ ibẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, Rísíkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Bouaké ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ. Bàbá rẹ̀ á sọ Yorùbá sí i, òun á fi Faransé dá a lóhùn, wọ́n á sì gbọ́ra wọn yé. Tíṣà ni. Nígbà tí àwọn tíṣà ìjọba sá lọ sí gúúsù, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ lọ sí Sakassou, níbi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ti ń dúró dè é.

Iwájú ìsọ̀ Bàbá, lábẹ́ igi máńgòrò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti Kouassi, ọmọ Baoulé kan tó mọ ọkọ̀ ìgbàlódé tinú-tẹ̀yìn. Ọkọ̀ àtijọ́ ni tèmi. Bí ọkọ̀ bá ti ní kabúrétọ̀, irin tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e wá. N kò tíì rí kabúrétọ̀ tó ṣòro fún mi rí. Àmọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń tán nílùú. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé gbígbá abẹ́ igi ni gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe.

N kò sọ ìyẹn fún ìyá mi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń pè é láti kábíìnù, tábìlì kékeré kan tó ní agboòrùn lórí, níbi tí èèyàn ti lè yá fóònù sọ̀rọ̀.

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ọkọ mi?"

"Ó ń lọ, Màámi. Mo ti ní gáráàjì."

"Ṣé ó tóbi?"

"Ó tóbi. Igi ńlá kan wà nínú rẹ̀."

Igi yẹn nìkan ni òtítọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi á wá béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀ wálé, èmi á ní kò ní pẹ́. Mo máa ń sanwó fóònù, mo máa ń rìn padà lọ sí abẹ́ igi, inú mi a sì bàjẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àárò ilé kì í sọ fún èèyàn kó tó dé. Lọ́jọ́ kan, òòlù bà mí ní ìka, kò tilẹ̀ dùn mí tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ omi bọ́ lójú mi. Kouassi wò mí, ó ní, "Yako." Mo bi í pé kí ni yako. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó fara pa ni, fún ẹni tó kọsẹ̀, fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ nìyẹn." Gẹ̀ẹ́sì kò ní in, Faransé kò ní in, Baoulé ní in. Mo rò ó títí lọ́jọ́ yẹn. Ìlú tí wọ́n ti ń kí èèyàn ní pẹ̀lẹ́ nígbà tí kì í ṣe àwọn ló ṣẹ̀ ẹ́, kò lè jẹ́ ilẹ̀ àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Rísíkà ló dán gbogbo èyí wò.

Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni. Òwúrọ̀ kan, iná aláwọ̀ ọsàn kan tàn níwájú awakọ̀, èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, kò sì kú mọ́. Ọkọ̀ ń rìn dáadáa, kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Iná náà ṣáà wà níbẹ̀. Kouassi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ń sọ. Ó tì í bọ ọkọ̀ náà, ó ka ohun tó jáde fún mi ní Faransé, bẹ́ẹ̀ ló ti ń kó aṣọ sínú báàgì, nítorí pé ó ń lọ síbi òkú ní abúlé wọn. "Ó ń jò," ló sọ tẹ̀ lé e, "fapọ́ọ̀ ti kábúráǹ." Ó gun alùpùpù, ó lọ.

Bàbá Alájì jáde láti inú ìsọ̀. "Iná yẹn gbọ́dọ̀ kú kí ọkọ̀ yìí tó tún jáde ìlú," ló wí. "Èyí tí ọmọ yìí ń lò tẹ́lẹ̀ dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀nà Sakassou, n kò sì tún lè jókòó máa wo ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó wá yíjú sí mi. "O ní mẹkáníìkì ni ọ́. Bí o bá ṣe é, abẹ́ igi yìí di tìrẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí n bá ọ wá ọkọ̀ padà sílé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ìgbà tí àgbà bá ti ní kò sí ìtìjú níbẹ̀ ni ìtìjú ń jókòó. Rísíkà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ òun kò ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kí ìdánwò tó dé.

Àmọ́ inú tèmi dùn. Ṣé ẹ rí i, mo ti gbọ́ kábúráǹ. Nínú etí mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ni kábúráǹ ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe kabúrétọ̀? Àwọn Faransé ló kàn gé e kúrú. Kabúrétọ̀ ń jò. Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. N kò rí kabúrétọ̀. Mo yọ ilé tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́, n kò rí i. Mo yọ àwọn ike dúdú tó bo ẹ́ńjìnnì, mo wo ẹ̀yìn, mo wo abẹ́, mo tú ọkọ̀ náà débi tí mo fi ń rí ilẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, èrò kan sọ sí mi lọ́kàn, ó sì dá mi lójú bí ilẹ̀ tí mo dúró lé: ní ìlú tí ṣójà ti ń gba ohun tó bá wù ú lọ́wọ́ ẹni, kí ló tún lè ṣẹlẹ̀? Mo lọ bá Rísíkà.

"Wọ́n ti jí kabúrétọ̀ yín."

"Ta ló jí i?"

"Àwọn ará kọ́ridọ̀. Ta ni ì bá tún ṣe é?"

N kò bi ara mi léèrè bí ọkọ̀ tí kò ní kabúrétọ̀ ṣe gbé e dé abẹ́ igi. Mo rò pé yóò sunkún. Rísíkà gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní kí n fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí nǹkan náà ṣe rí, mo ṣàpèjúwe rẹ̀, ó dá takisí dúró, ó di kọ́ridọ̀ ọ̀nà Sakassou.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó bá ọ̀gá wọn, ọkùnrin sísanra kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, lórí àpò iyanrìn, ó sì ní kó gbé kabúrétọ̀ òun jáde, torí pé àwọn ọmọ ń dúró de òun. Ṣẹ́ẹ̀fù ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí kí ogun tó dé. Ó béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó fi ìbọn rẹ̀ ti ògiri kó lè rí àyè rẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin mi," ó wí, "a ti gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn rí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí Ọlọ́run kò dá, báwo la ṣe fẹ́ gbà á? Irú ọkọ̀ yẹn kò ní kabúrétọ̀ láti ilé wá. Ta ní sọ fún ọ pé wọ́n jí i?"

"Mẹkáníìkì bàbá mi."

"Anago ni?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó là tán, mo ti gba orúkọ tuntun. Anago Kabúrétọ̀. Àwọn tó ń ta ọsàn ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ takisí ń fọn fèrè sí mi. Ọkùnrin kan bá mi lọ́nà, ó ní òun kò rí ìyàwó òun láti àárọ̀, bóyá àwọn ará kọ́ridọ̀ ló yọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín nítorí kí n má baà sunkún. Mo wọ yàrá mi, mo di ẹrù mi. Kò pọ̀.

Kouassi dé bá mi níbi tí mo jókòó lé ẹrù náà lórí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ọjọ́ méjì tí mo fi ń tú ọkọ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí adájọ́.

"Kábúráǹ ni mo wí," ó dá mi lóhùn. "Epo ni kábúráǹ. Èyí tó wà nínú ìgò. Kabúrétọ̀ tìrẹ yẹn, kábúratọ̀ ni àwa ń pè é." Ó sì fi ara lé ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Yako."

Ó wá là á yé mi. Nígbà tí oòrùn bá pa epo inú táǹkì, ohun kan ń gbéra lórí rẹ̀, èyí tí ojú kì í rí tí imú ń gbọ́. Fapọ́ọ̀ nìyẹn. Lára ọkọ̀ àtijọ́, inú afẹ́fẹ́ ló ń lọ. Ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà yìí, wọn kì í jẹ́ kó sá: rọ́bà kan ń gbé e lọ sínú àpótí tí èédú wà nínú rẹ̀, èédú á fà á mu, ẹ́ńjìnnì á wá fà á kúrò níbẹ̀ á sì jó o. Bí ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ bá wà níbì kan, kọ̀ǹpútà á mọ̀, á tan iná.

Mo fi ẹrù mi sílẹ̀, a to ọkọ̀ náà padà. Ohun tí a kọ́kọ́ wò ni ìdérí táǹkì. Kì í ṣe ti ọkọ̀ náà. Àwọn tó ń fi ìgò da epo a máa gbé ìdérí sórí ọkọ̀ tí wọ́n bá ń dà á, bí ọkọ̀ bá sì gbéra, ìdérí á bọ́ sọ́nà. Rísíkà ti ra òmíràn tó kàn jọ ọ́. A rí èyí tó bá a mu nínú ìsọ̀ Bàbá, Kouassi fi ẹ̀rọ rẹ̀ pa iná náà. Lọ́jọ́ kẹta, iná padà.

"Ẹ̀rọ yìí ń sọ ohun tó ń ṣe é," Kouassi wí, "kì í sọ ibi tó wà. Ní Abidjan, wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ èéfín sínú rẹ̀, ibi tí èéfín bá ti yọ, ibẹ̀ ni." Ó ti ọwọ́ bọ àpò. "Kí n mu sìgá, kí n fẹ́ èéfín rẹ̀ sínú rọ́bà?"

Ohùn Bàbá Alájì jáde láti inú ìsọ̀. "Kouassi, sìgá lẹ́nu táǹkì epo? Ṣé àwa lo fẹ́ yan jẹ lọ́sàn-án yìí?"

Mo dúró níbẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Kí n tó di mẹkáníìkì, iṣẹ́ fọganáísà ni bàbá mi kọ́kọ́ fi mí sí, iṣẹ́ dídí ihò táyà. Mo sunkún nígbà náà pé iṣẹ́ yẹn kò níyì, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Bouaké pé mo ṣe é rí. Ṣùgbọ́n bí fọganáísà ṣe ń wá ihò tí ojú kò rí, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

"Ẹ bá mi wá ọṣẹ dúdú," mo ní. "Àti pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́."

Mo po ọṣẹ nínú ike títí ó fi hó. A dé gbogbo ẹnu tó yẹ ká dé, Kouassi so pọ́ǹpù mọ́ rọ́bà, mo ní kó máa fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ ọmọ, torí pé bí agbára bá pọ̀, a ó mú ohun tí kò ṣẹ̀ wá bẹ́. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ta ọṣẹ sí ojú rọ́bà kọ̀ọ̀kan, mo ń wò. Kò sí nǹkan. Mo ta á sí orí táǹkì. Kò sí. Mo dé ibi tí rọ́bà kan ti wọ inú àpótí èédú, níbi tí irin kékeré fún un mọ́lẹ̀, mo ta ọṣẹ sí i lábẹ́, níbi tí ojú kò lè dé, mo fi dígí kékeré wò ó.

Ó ń hó. Wẹ́wẹ́, funfun, ó ń gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo ìfófòó yẹn, ayọ̀ sì gbà mí débi tí n kò lè pe Kouassi. Òun ló bi mí pé ṣé mo ti sùn ni.

Rọ́bà náà ti sán lábẹ́ irin. A gé ibẹ̀ kúrò, a fi òmíràn sí i, a tún ta ọṣẹ sí i, kò hó. Kouassi pa iná. Ṣùgbọ́n ó ní kí a má tíì yọ̀: ìgbà tí epo bá wà ní ìdajì táǹkì, tí ọkọ̀ sì rìn jìnnà, ni kọ̀ǹpútà máa ń tún un wò dáadáa. Bàbá Alájì ra ìgò epo títí ó fi tó ìdajì. Rísíkà ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó wò mí.

"Wọlé. Bí iná bá tàn, ìwọ lo máa ti ọkọ̀ yìí."

A dé kọ́ridọ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù dìde lórí àpò iyanrìn rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi láti ojú fèrèsé. "Anago, ṣé ẹ ti rí i?" Mo ní a ti rí i, inú ọṣẹ ló wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé igi ọ̀nà sókè, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Mo wo iná náà lójú ọ̀nà ju bí mo ṣe wo igbó lọ. Ní Sakassou, àwọn ọmọ sáré jáde nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀, ọ̀kan sì ti ń ṣí ìwé kí Rísíkà tó bọ́ọ́lẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ fèrèsé, mo gbọ́ ọ tó ń kọ́ wọn. Nígbà tí a padà dé Bouaké, Bàbá Alájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wo ibi tí iná náà ti máa ń tàn pẹ́. Kò sí iná kankan. Ó nawọ́ sí igi máńgòrò, ó ní, "Tìrẹ ni," ó padà sínú ìsọ̀ lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Rísíkà ló fà mí lọ sí kábíìnù. "Pe ìyá rẹ," ó ní.

"Màámi, mo tún ọkọ̀ kan ṣe."

"Ọkọ̀ kan? Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ lò ń tún ṣe lójoojúmọ́ nínú gáráàjì ńlá rẹ ni?"

Rísíkà gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé, nítorí náà Yorùbá ló kù fún un, gbogbo Yorùbá tó sì ní, ẹnu bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní "ẹ̀yin".

"Màámi, báwo ni o? Ṣé o ti jẹun? Jókòó dáadáa."

Òógùn bò mí. Ohùn ìyá mi jáde nínú fóònù, mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró. "Ta ni ọmọ tó ní kí n jókòó dáadáa yìí?"

"Èmi Rísíkà. Èmi ni mo ni mọ́tò. Ọmọ rẹ ní wọ́n jí kabúrétọ̀ mi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti igi máńgòrò, pé igi náà ni gáráàjì, kò sí òmíràn. Ó sọ ti Ṣẹ́ẹ̀fù, ó sọ ti ọṣẹ, ibi tí Yorùbá kò bá tó á fi Faransé dí i. Mo fi ọwọ́ bo ojú. Gbogbo irọ́ tí mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ń wó lulẹ̀ lójú ọjà. Mo wá gbọ́ ìró kan nínú fóònù tí n kò tètè mọ̀. Ẹ̀rín ni. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi ilé sílẹ̀. Mo ti ń purọ́ fún un látọjọ́ yìí kí inú rẹ̀ lè dùn, òtítọ́ ló pa á lẹ́rìn-ín.

Ó ní kí wọ́n fún mi ní fóònù.

"Iṣẹ́ fọganáísà tí bàbá rẹ ní kó o kọ́, tó o ń sunkún?"

"Òun ni, Màámi."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Mo dúró de ìbéèrè tó máa ń bi mí ní ìparí ọ̀rọ̀, ti ìgbà tí mò ń bọ̀ wálé, mo sì ti ń wá èsì tí kì í ṣe irọ́.

"Fún ọmọ yẹn ní fóònù padà," ìyá mi wí. "Kò tíì sọ fún mi bóyá òun náà ti jẹun."